Ẹ Tètè Dé Kí Àwo Tó Fọ́: Eré Mibu ní Ìlú Kyoto

Ẹni tí kò gbọ́ èdè Japan kò pàdánù nǹkan kan nídìí eré Kyogen, eré ìtàgé àtijọ́ ti Japan, tí wọ́n ń ṣe ní tẹ́ḿpìlì Mibu, nítorí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gbogbo òṣèré ló dé ìbòjú, wọ́n fi aṣọ wé orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ròyìn. Egúngún tiwa a máa fọhùn. Àwọn tibẹ̀ yadi pátápátá. Agogo, ìlù àti fèrè nìkan ló ń dún, ló fi jẹ́ pé "Kandenden" ni àwọn ará Kyoto ń fi ìró náà pe eré ọ̀hún.

Wọ́n ní Engaku, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1300, nígbà tí èrò ìwàásù pọ̀ débi pé ohùn kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọgbọ̀n eré ni wọ́n ní. Ará àdúgbò ló ń ṣe é, tọmọdé tàgbà, kì í ṣe òṣèré tó ń fi í jẹun.

Láti ibùdókọ̀ ojú irin Omiya, ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni wọ́n ń ṣeré: àsìkò Setsubun, ayẹyẹ ìparí ìgbà òtútù, ní oṣù kejì, April 29 sí May 5, àti ọjọ́ mẹ́ta ní October. Ti oṣù kejì kò gba owó, ṣùgbọ́n eré kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún ṣe léraléra. Èyí tó tọ́ sí owó ọkọ̀ ni ti April.

Ìdí ni Horaku-wari, eré tó ń ṣáájú lójoojúmọ́ láàárín ọjọ́ méje yẹn, ní aago kan ọ̀sán. Ní oṣù kejì, àwọn olùjọ́sìn ti ra àwo amọ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n ti fi tàdáwà kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ẹ̀bẹ̀ wọn sí i, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ fún tẹ́ḿpìlì. Nínú eré náà, ọjà tuntun ń ṣí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kò ní san owó orí. Ẹni tó ń ta ìlù kékeré ló ṣáájú, àmọ́ oorun gbé e lọ. Ẹni tó ń ta àwo yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọlé, ó gbé ìlù kúrò nídìí rẹ̀, ó fi àwo dípò, ó sì sùn tì í bí ẹni pé òun ló ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Lẹ́yìn ìjà àti ẹjọ́, ẹni tó ń ta àwo to ọjà rẹ̀ sí etí pèpéle. Ẹni tó ń ta ìlù wá ti gbogbo rẹ̀ dànù láti òkè. Eruku amọ̀ sọ lálá. Wọ́n gbà pé bí àwo ṣe fọ́ ni ibi ṣe lọ lórí ẹni tó kọ orúkọ sí i. Ẹni tó bá dé ní aago méjì, ìròyìn ariwo náà nìkan ló máa gbọ́.

Pèpéle wà ní àjà kejì, òǹwòran sì ń wò ó láti ilé tó dojú kọ ọ́. Kò sí àga tí a ń gbà sílẹ̀, nítorí náà ẹ tètè jókòó síwájú; ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí ìsàlẹ̀ tí àwo ń fọ́ sí. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ jáde nígbà eré.

Eré kejì tí mo fẹ́ràn ni Tsuchigumo, ti aláǹtakùn tó ń ju òwú bébà funfun lu àwọn jagunjagun. Òjé kékeré ló wà nínú òwú náà kó lè fò jìnnà, àwọn òǹwòran sì máa ń wá òjé yìí fi sí àpò owó. Wọn kì í ṣe é lójoojúmọ́, torí náà ẹ wo àkọsílẹ̀ eré kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní May 5, wọ́n tún ń ṣeré lálẹ́, láti aago mẹ́fà.