Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Má Bu Omi Sí I O!

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ààrò seramíìkì máa dójú tì, ẹ wá ẹni tí kóòlù pọ́ọ̀tù tọ́ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n kan ní Atlanta, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti yan bọ̀ọ̀lì láti kékeré, ra ọ̀kan de àríyá July 4. Kamado ni wọ́n ń pe irú ààrò bẹ́ẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ló ti wá. Amọ̀ sísun tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é: ihò atẹ́gùn kan nísàlẹ̀, òmíràn lórí ìdérí, géèjì ooru sì wà níwájú.

Wọ́n fún un ní ìwé tó bá a wá, ó ní, "Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní iná dídá?" Ó da èédú sí i, tòun ti lẹ́búlẹ́bú tó wà nísàlẹ̀ àpò, ó sì gbé epo ìtanná jáde.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí amọ̀ ìkòkò tuntun ṣe ń mu omi ni inú ààrò yìí ṣe ń mu epo, òórùn rẹ̀ á sì máa jáde lára ẹran fún ọjọ́ gbọọrọ. Búlọ́ọ̀kù kékeré tí wọ́n fi èérún pákó àti ìda ṣe ló yẹ ẹ́. Èédú ńláńlá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò sísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráàyè gba àárín wọn, kékeré á tẹ̀ lé e, títí á fi dé etí ibi ìkóná. Lẹ́búlẹ́bú, ẹ dà á nù. Òun àti eérú àná ló ń dí ihò irin ìsàlẹ̀, tí iná á fi máa kú láìnídìí. Ẹ ti búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì sáàárín èédú, ẹ ṣáná sí i, ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ gbayawu, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò sí abẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti mú páálí, ó ń fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀ta-iná ń fò sókè, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Èéfín funfun ń rú tùù, ó sì to itan adìẹ sí i. Èéfín funfun tó ki yẹn ló ń mú ẹran korò. Ẹ jẹ́ kó fúyẹ́ títí ẹ ò fi ní rí i mọ́ tán, kí ẹran tó gorí irin.

Ooru 350 Fahrenheit ló ń wá fún adìẹ. Ó de ìdérí, ó fi ihò méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ó bá bọ́ọ̀lù lọ nínú ilé. Nígbà tó fi máa jáde, géèjì ti lé ní 600. Ó bá dí ihò méjèèjì pa. Amọ̀ yẹn kì í gbóná kíákíá, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná tán, wákàtí lẹ́yìn wákàtí ni kó tó tutù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí géèjì bá ti dé nǹkan bíi 300 ni wọ́n ti ń dín ihò kù díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ títí á fi ku fífẹ̀ ìka kan, kó má baà ré kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ ké láti fèrèsé: "Dádì, ẹran ń jóná o!" Ẹ̀gbọ́n já ìdérí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí ebi atẹ́gùn ti ń pa gbé atẹ́gùn mì, ó bú gbàù, ó sì lá a lójú. Ìdérí kì í ṣe ohun tá à ń já bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sókè ìwọ̀n ìka méjì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó ṣí i tán. Ìbọ̀wọ́ gígùn náà ò sì burú.

"Omi! Ẹ bá mi gbé omi wá!"

Ọmọ kan ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bu omi sí i o! Á là!"

Àlàpà ni ààrò náà ì bá dà, torí omi tútù tó bá kan amọ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè sán an sí méjì. Wọ́n fi ẹ̀mú kó adìẹ kúrò, wọ́n de ìdérí, wọ́n dí ihò méjèèjì, iná sì pa ara rẹ̀. Èédú tó kù níbẹ̀ ṣì wúlò, ẹ kàn gbọn eérú rẹ̀ dànù ni. Gáskẹ́ẹ̀tì etí ìdérí, ìyẹn ohun tó ń dí àlàfo láàárín ìdérí àti ààrò, ló jóná, ìyẹn sì ṣeé pààrọ̀.

Adìẹ parí jíjinná nínú ààrò gáàsì ilé ìdáná. Lọ́jọ́ Sunday, kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀ ló fi tìróò ya irun ìpéǹpéjú ọ̀tún padà fún un, ti òsì ṣì wà ní tiẹ̀.