Cristina Neagu: ejìká kan, orúkọ ńlá

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àjọ handball (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù) àgbáyé, IHF, yan Cristina Neagu ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ: 2010, 2015, 2016 àti 2018. Kò sí obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Rùmáníà ni. Bucharest ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1988.

Left back, ipò apá òsì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ló gbá, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ju bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ipò yẹn le: èèyàn á fò sókè lẹ́yìn ìlà mítà 9 níwájú gòólù, á sì ju bọ́ọ̀lù gba orí àwọn tó dínà. Ìṣísẹ̀ 3 péré ni òfin gbà á láàyè láti gbé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Gíráàmù 325 sí 375 ni bọ́ọ̀lù obìnrin. Kò wúwo, àmọ́ ẹ jù ú léraléra fọ́dún mẹ́wàá kí ẹ wo ohun tí yóò fi ejìká ṣe! Èyí tó burú jù ni kí alátakò fa apá náà sẹ́yìn nígbà tó ti wà lókè.

Ejìká Neagu ò bọ́ nínú rẹ̀. Orúnkún náà tún já a kulẹ̀ níbi ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Faransé, oṣù Kejìlá 2018. Iṣan tó so eegun pọ̀ ló já.

Budućnost, ẹgbẹ́ kan ní Montenegro, ló bá gba Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2015. Ọdún yẹn kan náà ni Rùmáníà gba idẹ (ipò kẹta) níbi ìdíje àgbáyé. Kò gba wúrà kankan fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará ilé ò yé pariwo orúkọ rẹ̀.