Tó bá ti lè fò, kí ló tún fẹ́ kọrin fún?

Mo fẹ́ràn súpáhírò, àwọn akọni inú ìtàn tó ní agbára àràmàǹdà, mo sì fẹ́ràn eré orí ìtàgé tí wọ́n ti ń kọrin tí wọ́n tún ń jó, àmọ́ tí mo bá ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ da méjèèjì pọ̀, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o. Ibi tí wọ́n máa ń náwó sí ló ń bí mi nínú. Wọ́n á náwó sórí okùn, wọ́n á náwó sórí ẹ̀rọ, orin tó yẹ kó gbé gbogbo ẹ̀ á wá di nǹkan tí wọ́n ń rántí tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún èrò.

Ẹ gbọ́ ná. Nínú eré olórin, kí ló ń mú kí èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin? Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju ẹnu ẹ̀ lọ ni. Ó ti sọ ọ́ sọ ọ́, kò tán nínú ẹ̀, ni orin bá bọ́ síta. Súpáhírò náà máa ń dé irú ibẹ̀ yẹn, àmọ́ ní tiẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ló ń bọ́ síta, tàbí kó kàn fò lọ. Ibi tó yẹ kí orin wà nínú ìtàn náà ni ìjà ti jókòó sí látọjọ́ tó ti pẹ́, ìjókòó kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì ń dù. Tó o bá gbé e fún ìjà, orin á di ohun tí wọ́n fi ń dá èrò dúró títí wọ́n á fi so okùn mọ́ ẹni tó fẹ́ fò nídìí tán, tó o bá sì gbé e fún orin, àwọn tó wá wo ẹni tó ń fò á ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ.

Nínú fíìmù, wàhálà yẹn kéré, torí kámẹ́rà á sún mọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á ṣe ìyókù, èyí tó bá bàjẹ́ wọ́n á tún un yà. Ní Broadway, àwọn ilé eré ńlá ìlú New York, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ni, níwájú èèyàn, pẹ̀lú ara èèyàn.

Èyí tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni ti Spider-Man, Spider-Man: Turn Off the Dark, mi ò sì lè fò ó torí kò sí ibòmíì tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó bẹ́ẹ̀. Bono àti The Edge tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ U2 ló kọ orin ẹ̀, Julie Taymor tó gbé The Lion King sórí ìtàgé lọ́dún 1997 sì ni olùdarí. Tí wọ́n bá kọ orúkọ àwọn yẹn sínú ìwé kan ṣoṣo, ta ni ò ní fowó sílẹ̀? Owó náà sì wọlé lóòótọ́, ó tó mílíọ̀nù 75 dọ́là, kò tíì sí eré kankan tó ná wọn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Broadway. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2010 tí èrò kọ́kọ́ wọlé wá wò ó, ìgbà márùn-ún ni wọ́n dá eré dúró nítorí ẹ̀rọ, ìgbà kan tiẹ̀ wà tí Spider-Man rọ̀ dirodiro sókè lórí àwọn tó jókòó, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wá bí wọ́n á ṣe fà á sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rín lè pa wá níbẹ̀ yẹn o, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù Kejìlá. Christopher Tierney, ọ̀kan lára àwọn tó ń wọ aṣọ Spider-Man, já bọ́ láti orí ohun tí wọ́n fi ṣe afárá torí pé wọn ò so okùn ààbò ẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Egungun ẹ̀yìn àti ti ìhà ẹ̀ ṣẹ́. Ó yè é, ó tún padà sẹ́nu eré náà nígbà tó yá, èmi ò mọ bí àwọn èèyàn kan ṣe ń nírú ọkàn yẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ pé "ọ̀kan lára àwọn". Ẹni tó ń kọrin kọ́ lẹni tó ń fò! Reeve Carney ló ń ṣe Peter Parker, ọmọ tó ń di Spider-Man, ohùn ẹ̀ là ń gbọ́, ojú ẹ̀ là ń rí, tó bá wá di àsìkò tí ọkàn ẹ̀ gbóná jù, àsìkò tó yẹ kó tú u jáde fún wa, ẹlòmíì á ti gba aṣọ wọ̀, á bo orí àti ojú àti ẹnu pa, á máa fò kiri. Eléyìí ló ká mi lára ju ọ̀rọ̀ owó lọ. A ti tẹ̀lé ọmọ yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a mọ ìyà ìfẹ́ Mary Jane tó ń jẹ ẹ́, ibi tí ó yẹ ká ti rí i jù ni wọ́n ti gbé e pamọ́ fún wa. Ìbòjú ò ṣòro nínú ìwé kọ́míìkì torí ẹni tó ń yàwòrán lè sọ fún ẹ ohun tó ń rò, nínú fíìmù wọ́n á ní ìbòjú ti ya kí á lè rójú ẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹnu tó ń mì ló fi ń mọ ẹni tó ń kọrin. Tí gbogbo ojú bá ti wà lábẹ́ aṣọ, ohùn tó ń jáde látinú ẹ̀rọ yẹn, ti ta ni?

Wọ́n tún wá fi ìtàn kún ìtàn. Taymor mú Arachne, obìnrin tó di aláǹtakùn nínú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, wọnú ẹ̀, ó tún kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan síbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn nípa ìtàn náà bó ṣe ń lọ. Ká sòótọ́, èmi ò bá wọn bú u lórí Arachne, torí òun ló nírú ìbànújẹ́ tí orin lè gbé. Àmọ́ ìtàn ẹ̀ àti ti Peter ò fẹnu kora. Ní oṣù Kẹta 2011 wọ́n yọ Taymor, wọ́n gbé Philip William McKinley wọlé, Roberto Aguirre-Sacasa tún ìtàn náà kọ, wọ́n ti ilé eré fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún gbogbo ẹ̀ tò, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin yẹn lọ, Arachne sì di èèyàn kékeré. Ìgbà 182 ni èrò ti wò ó kí wọ́n tó ṣí i gan-an ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Àwọn oníwèé ìròyìn ò tiẹ̀ dúró, oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé tí wọ́n lọ kọ ọ̀rọ̀ burúkú.

Èrò sì wá o! Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé kò séèyàn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà ní ìparí 2011 tí ó pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 2.9 dọ́là, àmọ́ ju mílíọ̀nù kan lọ ni wọ́n ń ná lọ́sẹ̀ kan péré láti máa gbé e ṣe, gbèsè ìbẹ̀rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó pa á tì ní oṣù Kìíní 2014, owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá ò padà wálé.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sẹ́yìn sí 1966, torí ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọdún yẹn ni Superman dé Broadway, ní Alvin Theatre, It's a Bird... It's a Plane... It's Superman, Harold Prince ló darí ẹ̀, Charles Strouse ló kọ orin, Lee Adams kọ ọ̀rọ̀ orin. Ìgbà 129 péré ni wọ́n ṣe é. Àwọn kan ní Batman tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù Kìíní ọdún yẹn ló bà á jẹ́, ta ló fẹ́ sanwó lọ wo alágbádá tó ń fò nígbà tí òmíì wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀tá inú ẹ̀ sha. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni, Abner Sedgwick, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ti pàdánù ẹ̀bùn Nobel, inú sì ti bí i dé eegun. Kò bá Superman jà. Ó jókòó tì í ni, ó gbà á lọ́kàn pé torí káwọn èèyàn lè máa yìn ín ló ṣe ń ṣe rere. Superman bá wá dá wà, ó ń kọrin pé báwo ni ẹni tó lágbára jù láyé ṣe lè máa sunkún. Ẹ rí i? Orin yẹn ò nílò okùn, kò nílò ẹ̀rọ. Wọ́n mọ̀ pé ọkàn nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é léṣe lórí ìtàgé.

Orin tó gbayì jù nínú eré yẹn, tí àwọn akọrin ṣì ń kọ títí di òní, Superman kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Clark Kent ni, ẹni tí Superman ń jẹ́ nígbà tó bá ń ṣe bí èèyàn lásán! Sydney, tí Linda Lavin ṣe nígbà yẹn, ló ń kọ ọ́ sí ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì yìí, pé bó ṣe rí yìí náà nǹkan ń bẹ lára ẹ̀, àwa tí à ń wò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, òun ò mọ̀. Àṣírí tí èrò mọ̀ tí ẹni tó ń kọrin ò mọ̀, kí ni èèyàn tún ń wá?

Strouse kan náà ló tún wá kọ orin Annie, 1977, Alvin Theatre kan náà, inú àwòrán ìwé ìròyìn ni ìtàn yẹn náà ti wá, ìgbà 2,377 gan-an ni wọ́n sì ṣe é. Ọmọ òrukàn kan àti ajá. Kò lè fò, kò lè gbé mọ́tò, ohun tó ní ni pé ó ń wá àwọn òbí ẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ṣé orin Strouse ló dáa sí i ni àbí ọmọ yẹn kàn ní ohun tó lè kọrin lé lórí láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ti Batman ò tiẹ̀ dé orí ìtàgé rárá. Jim Steinman ti ń kọ orin fún un, wọ́n ní Tim Burton ló máa darí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ kàn yọ́ lọ, díẹ̀ lára orin náà bọ́ sínú àwo tí akọrin Meat Loaf ṣe jáde ní 2006. Ó dùn mí o, torí ọkùnrin tí kò gbàgbé òkú òbí ẹ̀ látìgbà ọmọdé, tó ń gbé nínú ilé ńlá òun nìkan, orin ti wà nílẹ̀ fún un.

Èyí tí kò níṣòro rárá, àwàdà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú Hawkeye, eré tẹlifíṣọ̀n kan nípa súpáhírò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ní 2021, wọ́n ṣe eré olórin èké kan nípa Captain America, Rogers: The Musical, Marc Shaiman àti Scott Wittman kọ orin ẹ̀, Hawkeye fúnra ẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ ìgbọ́ran etí ẹ̀ kó má baà gbọ́. Ní 2023, Disney wá ṣe é lóòótọ́ ní ọgbà wọn ní Kalifọ́níà, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Ó bọ́ sí i torí ó kúrú, torí pé Steve Rogers, ìyẹn Captain America, tún ní ohun tó sọnù: ó sùn, ó jí, ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ, Peggy olólùfẹ́ ẹ̀ ti lọ. Ẹni tí àsìkò ti kọjá lórí ẹ̀ máa ń kọrin dáadáa.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí n mú, mi ò ní mú ẹni tó ń fò. Màá mú Rogue nínú X-Men, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn, á kó agbára ẹ̀, onítọ̀hún á sì dákú. Ẹ ro orin ìfẹ́ ẹni méjì tí wọn ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Àbí Bruce Banner, tí inú ò gbọ́dọ̀ bí kó má baà di Hulk, òmìrán aláwọ̀ ewé! Gbogbo eré olórin ló máa ń gòkè sí ibi tí ohùn ti ń pariwo jù, òun nìkan ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, kó máa kọrin sí ìsàlẹ̀ ọ̀fun, kí àwọn onílù àti onífèrè máa tì í lẹ́yìn láti gòkè, kí àwa náà tí a jókòó máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn wa pé má gòkè o, kí ó sì tún máa wù wá kó gòkè. Ẹ ò ní nílò ẹ̀rọ kankan. Ní ti aṣọ, ṣòkòtò elésè àlùkò kan tó ti fàya ti tó.