Ọlọ́pàá ń wá ẹni tó wà nínú ìwé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ẹ ó mọ kóòsì tí wọ́n ń pè ní postcolonial literature. Lítíréṣọ̀ àwọn ìlú tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti ṣèjọba lé lórí rí ni, Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Íńdíà, Jàmáíkà, kódà Ọsirélíà wà níbẹ̀. Things Fall Apart tí Achebe kọ lọ́dún 1958 ni tíṣà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Derek Walcott, Naipaul, Rushdie, ìdánwò á dé, ó parí nìyẹn. Mi ò bá Achebe jà o, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, á fẹ́ẹ̀ dà bíi pé a ò lẹ́nu kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, bíi pé ẹni tó fi èdè ìyá ẹ̀ kọ̀wé ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ará Kẹ́ńyà tó padà wá ń fi Gĩkũyũ, èdè ìyá ẹ̀, kọ̀wé, ẹni tó kú ní May 2025.

Lọ́dún 1962 wọ́n ṣe ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní Makerere, yunifásítì tó wà ní Kampala, ní Uganda. Soyinka lọ, Achebe lọ, Okigbo àti J. P. Clark náà lọ. Ngũgĩ, tó ṣì ń jẹ́ James Ngugi nígbà yẹn, sítúdẹ́ńtì lásán ni, ìtàn kéékèèké mélòó kan ló tíì kọ jáde, wọ́n pe òun náà. Ṣùgbọ́n torí pé àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ni ìpàdé wà fún, kò sáyè fún D. O. Fágúnwà. Fágúnwà o! Ẹni tó ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde láti 1938! Shaaban Robert, ọ̀gá àwọn akéwì Swahili, kò sáyè fún òun náà. Ngũgĩ fúnra ẹ̀ ló padà wá kọ èyí sínú ìwé ẹ̀, Decolonising the Mind, lọ́dún 1986, pé òun sítúdẹ́ńtì rọ́nà wọlé, àwọn àgbà yẹn ò rọ́nà wọlé, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ yẹn jẹ ẹ́ lọ́kàn pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Kamĩrĩĩthũ, abúlé tí wọ́n ti bí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Limuru, níbi tí oko ewé tíì pọ̀ sí. Lọ́dún 1977 àwọn ará abúlé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko olóko, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, àwọn tí ò mọ̀wé kà, wọ́n kóra jọ wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ibi ìṣeré tí ò ní òrùlé, tó lè gba nǹkan bí 2,000 èèyàn. Ngũgĩ àti ẹnìkejì ẹ̀, Ngũgĩ wa Mĩriĩ, kọ eré fún wọn ní èdè Gĩkũyũ, Ngaahika Ndeenda lorúkọ ẹ̀, ìyẹn "Màá gbéyàwó nígbà tó bá wù mí". Ọkùnrin kan wà nínú eré yẹn tó ń jẹ́ Kĩgũũnda, òṣìṣẹ́ oko ni, ilẹ̀ éékà kan ààbọ̀ péré ló ní láyé, ìwé ilẹ̀ yẹn ló gbé kọ́ ara ògiri nílé ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ olówó, Kĩoi, fẹ́ ilẹ̀ yẹn torí ilé iṣẹ́ tóun àtàwọn àjèjì fẹ́ dá sílẹ̀. Wọ́n wá kó ẹ̀sìn bọ̀ ọ́, wọ́n ní kí òun àti ìyàwó ẹ̀ lọ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí wọ́n ṣe jọ ń gbé, owó ò sì sí, ló bá fi ìwé ilẹ̀ yáwó ní báńkì, ibẹ̀ ni ilẹ̀ gbà lọ. Ta ni nínú wa tí ò mọ irú ìdílé tó ti pàdánù ilẹ̀ báyẹn?

Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe rìhásà, ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró wò ó. Bí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àgbàlagbà inú eré ò bá jọ ti àgbàlagbà, àwọn ará abúlé á ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á sì tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ́ àwọn jẹ, ìyẹn náà wọ inú eré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ní October, ìjọba gba láísẹ́ǹsì wọn ní November, nígbà tí December ń parí lọ ọlọ́pàá wá gbé Ngũgĩ wa Thiong'o nílé lóru, wọ́n tì í mọ́lé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kamĩtĩ láìṣẹjọ́, ó fẹ́ẹ̀ tó ọdún kan. Ẹ sì wò ó, ọdún 1977 yẹn náà ni Petals of Blood tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ jáde, ìwé tí ò fi ọ̀rọ̀ àwọn alágbára Kẹ́ńyà bò rárá. Eré Gĩkũyũ ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ oko, tó gbọ́ ọ tó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tòun ni wọ́n ń sọ, òun ni ìjọba ń sá fún.

Nínú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti kọ ìwé ìtàn Caitaani Mũtharabainĩ (Devil on the Cross ní Gẹ̀ẹ́sì), Gĩkũyũ náà ni, orí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Nígbà tí ìwé yẹn jáde ní 1980, àwọn èèyàn ń kà á sókè fún ara wọn nílé àti nínú bọ́ọ̀sì. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ilé ọtí: ẹnì kan á máa kà á fáwọn tó kù, tó bá dé ibi tó dùn tó sì rí i pé gíláàsì òun ti gbẹ, á gbé ìwé sílẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ á bá pariwo pé kí wọ́n fún un ní bíà míì!

Ìgbà tí Matigari, ìwé ìtàn Gĩkũyũ míì tó kọ, jáde ní 1986, àwọn àgbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matigari, tó ń káàkiri bèèrè òtítọ́ àti ìdájọ́ òdodo, ni ìjọba bá ní kí ọlọ́pàá lọ mú ọkùnrin náà. Àṣé inú ìwé ló ń gbé. Wọ́n wá lọ kó ìwé yẹn nílẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní 1987. Nígbà yẹn Ngũgĩ ti wà nílùú òyìnbó, wọ́n sì ti wó ibi ìṣeré Kamĩrĩĩthũ palẹ̀ láti 1982.

Nílé ìwé tí Ngũgĩ lọ ní kékeré, ẹni tó bá sọ Gĩkũyũ á jẹgba, tàbí kí wọ́n gbé páànù tí wọ́n kọ èébú sí kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ wa tó lọ ilé ìwé nílẹ̀ Yorùbá náà san owó ìtanràn torí a sọ "vernacular". Inú ń bí mi sí i títí dòní.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn lẹ́kítọ̀ wa ni pé, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kóòsì yìí, ẹ má fi Fágúnwà sílẹ̀ fún dìpátímẹ́ǹtì Yorùbá nìkan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tutuola tó kọ The Palm-Wine Drinkard lọ́dún 1952, ní kíláàsì kan náà, kí ẹ ka Ògbójú Ọdẹ sókè ní Yorùbá ná kẹ́ ẹ tó gbé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ tí Soyinka ṣe lọ́dún 1968 jáde.