Ẹ ṣí ìwé orin yín: ohun tí ojú mi rí nínú "Amen"

Ẹ̀yin adarí akọrin ẹlẹgbẹ́ mi, ó ku ọ̀la kó pé ọ̀sẹ̀ kan, àyà mi ṣì ń já bí mo bá gbọ́ fáyólínì. A kọ Messiah, àkójọ orin ńlá tí Handel ṣe nípa Jésù, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì darí rẹ̀ láìgbé ìwé síwájú.

Ọ̀dọ̀ Arturo Toscanini, ará Ítálì tó ń darí ọ́pẹ́rà (eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin kọ), ni mo ti kó àṣà yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1886, ní Rio de Janeiro, ọmọ ọdún 19 ni, cello, ohun èlò olókùn tó tóbi ju fáyólínì lọ, ló sì ń ta. Àwọn òǹwòran pariwo lé ẹni tó fẹ́ darí lórí títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí Toscanini gun orí pèpéle, ó pa ìwé dé, ó sì darí ọ́pẹ́rà Aida láti orí wá títí ó fi parí. Mo fẹ́ kí ìjọ rí i pé èmi náà mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ mọ "Amen", orin tó kẹ́yìn nínú Messiah. Báàsì ló ń gbé e, tẹ́nọ̀ á gbà á, áátò, lẹ́yìn náà tírẹ́bù, láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè. Akọrin á wá dákẹ́, fáyólínì kìíní á dá nìkan ta, fáyólínì kejì á tẹ̀ lé e, kí gbogbo wa tó bú jáde. Bí fáyólínì kìíní ṣe ń ta lọ, gbogbo rẹ̀ pòórá lórí mi. Ṣé fáyólínì kejì ló kàn ni, àbí akọrin? Mo na ọwọ́ sí akọrin. Tírẹ́bù bíi mẹ́ta wọlé, báàsì ò wọlé, tẹ́nọ̀ ń wò mí lójú. Ọmọbìnrin tó ń ta fáyólínì kejì gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lórí okùn. Orin dúró. Fáànù òkè àjà nìkan ni mo ń gbọ́. Ìyàwó mi, tó jókòó níwájú, tẹ orí ba.

Bàbá kan láàárín báàsì wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ìwé rẹ dà?"

Ó wà nínú àpò mi, lẹ́yìn ọ́gán.

A tún un bẹ̀rẹ̀, a parí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kọ́ ọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ! Ẹ sùn dáadáa kó tó di ọjọ́ náà, ẹ bá àwọn alùfáyólínì sọ̀rọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé yín. Ojú Toscanini ò ríran dáadáa, ó di dandan kó kọ́ orin sórí. Ojú tèmi mọ́ kedere, ìyìn ló ń wù mí. Òun gan-an, ní Carnegie Hall ní New York, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1954, lẹ́ni ọdún 87, iyè rẹ̀ fò nínú orin tí Wagner ará Jámánì ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ọdún 68 lẹ́yìn Rio! Ẹ ṣí ìwé yín. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lórí, ẹ ṣí i.

Mo ti fi bírò pupa yí ibi tí fáyólínì kejì ti ń wọlé ká. Lánàá ni mo pe ọmọbìnrin yẹn láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní látọjọ́ náà, òun ò tíì fọwọ́ kan fáyólínì, òun rò pé òun lòun ba orin jẹ́.