Sẹ́lótéèpù ti bà mí nínú jẹ́ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kó jọ, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ gan-an ni mò ń wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n padà tún tẹ̀. Ìyàwó mi ní pàǹtírí ni. Kò burú.

Lọ́jọ́ kan ni mo ń tú àpótí bàbá mi n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni mo bá rí Àjà Ló Lẹrù. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ wa níbí, ló kọ ọ́, Longman sì tẹ̀ ẹ́ ní 1969. Mo sáré ṣí ojú ewé tí wọ́n ń kọ ọdún sí, 1969 nìkan ló wà ńbẹ̀, inú mi dùn dẹ́yìn, àfìgbà tí mo wo èèpo ẹ̀, sẹ́lótéèpù látòkè délẹ̀, ó ti pọ́n bí epo, wọ́n tún fi báírò kọ orúkọ sí i gàdàgbà, JSS 2B. Orúkọ mi ni! Èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́, mo rò pé mò ń tún un ṣe ni.

Ohun tó dùn mí ni pé níbi tí wọ́n ti ń ná ìwé báyìí, ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, èèpo lowó wà. Pépà tí wọ́n fi ń bo ìwé èèpo líle yẹn, tó bá ti ya tàbí tí wọ́n bá ti gé igun tí iye owó wà, owó ẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tún wo ìlà nọ́ńbà inú ẹ̀, èyí tó ń sọ ìgbà mélòó tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, tí 1 ò bá sí ńbẹ̀ mọ́, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n ti tún un tẹ̀ nìyẹn.

Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló sì máa ń wọ́n jù. Ẹ wo The Cuckoo's Calling ní 2013, Robert Galbraith ni wọ́n kọ sára ẹ̀, èèpo líle ẹ̀ tó tà nílùú Ọba ò ju bí 1,500 lọ, àfi bí àṣírí ṣe tú nínú oṣù keje pé J.K. Rowling tó kọ Harry Potter ni, kíá lowó ẹ̀ fò! Ti Sue Grafton náà nìyẹn, tó ń fi A, B, C sọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ẹ̀ lórúkọ, A Is for Alibi ti 1982 wọ́n gógó torí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, ìwọ̀nba ni wọ́n tẹ̀, àwọn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ńkọ́? Wọ́n tẹ̀ wọ́n rẹpẹtẹ, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ máa fi rà á.

Tiwa yàtọ̀ ṣá. Àwa ọmọ iléèwé la ka tiwa títí tó fi fàya, èyí tó kù, ẹlẹ́pà fi pọ́n ẹ̀pà, ti iná tó jó ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 2020 ni mi ò tiẹ̀ fẹ́ rántí. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé iye báyìí ni wọ́n ń tà á, ojú ẹni tó fẹ́ rà á ni wọ́n ń wò.

Bàbá kan wà tó ń ta ìwé àlòkù, ó ní Àgbàlagbà Akàn, ìwé Òkédìjí náà, lọ́wọ́, ti 1971, ó mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní ₦500, mo bá fi ìdùnnú hàn bí ọ̀dẹ̀, ó ní òun ò tà á mọ́, kí n padà wá. Nígbà tí mo padà dé, ó ti di ₦6,000. Ọ̀la ni mo tún ń lọ, aṣọ tí mo fi ń roko ni mo máa wọ̀.