Ilé yìí náà ló ń gbé

Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo tó wọlé, ẹsẹ̀ ń ro mí, ariwo jẹnẹrétọ̀ lókéṣọ̀n ṣì wà létí mi. Mo ti wẹ̀, mo ti mu gààrí, ó yẹ kí n ti sùn torí aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ní ká dé ọ̀hún lọ́la, ṣùgbọ́n tí mo bá sùn láìkọ nǹkan tí mo rí lónìí sílẹ̀, ó máa dùn mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé kọntinúítì ni mò ń ṣe nínú síríìsì kan tá à ń ṣúùtì ní Ìbàdàn níbí. Èmi ni mo máa ń fi fóònù ya aṣọ, irun, yẹtí, ibi tí kọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, kó má lọ di pé gèlè tó pupa nígbà tí màmá wọ yàrá ti di búlúù nígbà tó ń jáde. Iṣẹ́ ojú ni. Téèyàn bá sì ń fi ojú ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí bó ò ṣe ní mọ òṣèré tó ń dàgbà àti èyí tó kàn ń wá.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, wakapáàsì ló bá wọlé, òṣèré tí ipa ẹ̀ ò tó nǹkan, òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ìyá alájọ kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sáà gbé omi wá fún àlejò, kó kúnlẹ̀, kó ní "ẹ káàbọ̀ mà", kó jáde. Síìnì tí ò tó ìṣẹ́jú kan, tèèkì 11 la ṣe, ó wà nínú ìwé mi. Tó bá gbé tíréè, ojú ẹ̀ á sá lọ sí kámẹ́rà, tó bá rántí pé òun ò gbọ́dọ̀ wo kámẹ́rà á gbàgbé "ẹ káàbọ̀", nígbà tó wá rántí méjèèjì omi dà sí àǹtí tó ń ṣe àlejò lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ẹ̀ sunkún. Ẹnì kan ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kíá, oòrùn ń lọ. Dírẹ́kítọ̀ ní rárá o, ẹ fi í sílẹ̀, ó ṣì ń padà bọ̀ lọ́tùn-únla, ilé yìí náà ló ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Torí ká ní fíìmù là ń ṣe ni, fíìmù Yorùbá tí wọ́n máa ń ṣúùtì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ọmọ yẹn á gbé omi ẹ̀, á gba owó ọkọ̀, á máa lọ sílé, ohun tó ṣe tí ò dáa á sì wà nínú fíìmù bẹ́ẹ̀ títí ayé. Níbo ló ti máa tún un ṣe? Nínú síríìsì, ọ̀la wà.

Àwọn alárìnjò ló kọ́kọ́ ní irú ọ̀la yìí. Eré kan náà, Iléṣà lálẹ́ òní, Òṣogbo lọ́la, Ìkìrun lọ́tùn-únla. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní Iléṣà á gba ìbáwí nínú bọ́ọ̀sì, á sì sọ ọ́ dáadáa kó tó di Ìkìrun. Báwọn bàbá wa ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Jimoh Aliu, ọ̀dọ̀ Akin Ogungbe tó ní ẹgbẹ́ alárìnjò ló ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, tó sì wá gbé eré Àrélù wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì alárìnjò dúró, mo gbà pé inú síríìsì ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn kó wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà kan nídìí eré á ní n ò mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Ẹ wo Village Headmaster, síríìsì orí tẹlifíṣọ̀n tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá gbé kalẹ̀ lọ́dún 1968. Èèyàn mẹ́ta ló ṣe ọ̀gá iléèwé yẹn, Ted Mukoro, Femi Robinson, kó tó wá kan Justus Esiri, ṣùgbọ́n Amebo lọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Amebo kì í ṣe olórí eré o. Obìnrin tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ni, Ibidun Allison ló ń ṣe é, ó ń wá, ó ń padà wá, títí orúkọ ẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ń pe ara wọn ní amébo lónìí, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé inú eré ló ti wá.

Funke Akindele náà, Bisi ọmọ iléèwé ló ń ṣe nínú síríìsì I Need to Know láti 1998 dé 2002, ọdún gbọọrọ lójú kámẹ́rà kí fíìmù ẹ̀, Jenifa, tó jáde lọ́dún 2008. Nígbà tóun náà wá di ọ̀gá, inú síríìsì tiẹ̀, Jenifa's Diary, ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Juliana Olayode, tí Falz olórin sì ti di òṣèré lójú wa. Síríìsì Tinsel tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 ńkọ́? Linda Ejiofor, Timini Egbuson, Damilola Adegbite, ibẹ̀ la ti mọ̀ wọ́n, àwọn pẹ̀lú Victor Olaotan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, lójoojúmọ́. Kí ọ̀dọ́ máa jókòó ti àgbà lójoojúmọ́, owó wo lèèyàn fẹ́ fi ra ìyẹn?

Ṣùgbọ́n inú mi máa ń bàjẹ́ sí nǹkan kan. Síríìsì tí mo ṣe ṣáájú èyí, onígbọ̀wọ́ yọwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lójú kámẹ́rà, tí ojú ẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ táìlì ló padà sí. Mo rí i ní Mókólá lóṣù tó kọjá, ó bi mí bóyá wọ́n ti fẹ́ padà bẹ̀rẹ̀, n ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un.

Ẹ jẹ́ n padà sórí tòní. Síìnì ibi tí wọ́n ti pe alájọ lórí fóònù pé ọmọ ẹ̀ ní jàm̀bá ọkọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ò ní ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kó wọlé, kó gbé omi kalẹ̀, kó jáde, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ó wọlé lóòótọ́. Ó rí ojú ìyá yẹn. Kò gbé omi kalẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó rọra fẹ̀yìn rìn, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ó fi ọwọ́ kan gbá tíréè mú, ó fi ọwọ́ kejì ti ilẹ̀kùn, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tì í fún ọmọ tó ń sùn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé káàtì. Màmá tó ń ṣe alájọ bú sẹ́kún, ẹkún tòótọ́, kámẹ́rà ń lọ. Ìgbà tá a ṣetán, màmá ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá, ó dì mọ́ ọn, ó ní "ọmọ mi, o ṣeun", ọmọ náà kúnlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi alára, omi ti wà lójú mi.

Dírẹ́kítọ̀ wá bá mi nídìí mọ́nítọ̀, ó ní ṣé mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Ó wà nínú ìwé fún síìnì tá a máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la: ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sí omi lórí tábìlì, tíréè wà lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní kọ́rídọ̀.